Àbúrò bàbá mi ló fẹ́ rán mi lọ: àkáǹtì ta ni kí n fi tọrọ físà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. EKSU ni mo ti kàwé jáde, yunifásítì kan ní ìlú Leeds sì ti gbà mí láti wá ka másítà ọlọ́dún kan ní oṣù kẹsàn-án. Àbúrò bàbá mi tó wà l'Ékòó ló fẹ́ rán mi lọ. Ó ní tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí n tọrọ físà, òun á san owó sínú àkáǹtì mi. Àwọn kan sì ní kí n kúkú lo ìwé báǹkì tirẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, méjèèjì ni kò dáa. Lọ́dọ̀ tiwa, bàbá ni àbúrò bàbá, ṣùgbọ́n òfin físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kà á sí bẹ́ẹ̀. Àkáǹtì tìrẹ, ti òbí tó bí ọ, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀, ni wọ́n máa gbà. Owó àbúrò bàbá rẹ ì báà tó ra gbogbo Ọjà Ọba Adó, wọ́n á gbé ìwé báǹkì rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kó san owó náà fún ọ, àmọ́ kó tètè san án. Ọjọ́ 28 gbáko ló gbọ́dọ̀ fi wà nínú àkáǹtì rẹ láìdín. Ọjọ́ tí 28 yẹn bá sì pé kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ ṣáájú ọjọ́ tí o san owó físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

"Láìdín" yìí ló ń kó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Owó pé lọ́jọ́ kìíní, ó pé lọ́jọ́ ìkẹyìn, wọ́n rò pé ó ti parí. Láàárín ìgbà yẹn, màmá ní kí o bá òun fi ₦50,000 ránṣẹ́ sí oníbàárà òun kan, òun á dá a padà lọ́la. Bí owó bá fi ọjọ́ kan péré wà lábẹ́ iye tí wọ́n béèrè, ọjọ́ kìíní lo tún máa padà sí. Náírà náà kì í dúró sójú kan: wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí pọ́n-ùn ní iye tí OANDA, ìkànnì tó ń gbé iye pàṣípààrọ̀ owó jáde, gbé jáde lọ́jọ́ tí o tọrọ físà. Nítorí náà, kí àbúrò bàbá rẹ fi ènì tó jọjú sí i.

Èló wá ni? Leeds kì í ṣe London, nítorí náà £1,171 lóṣù fún àtijẹ-àtimu, fún oṣù mẹ́sàn-án, ló jẹ́: £10,539. Fi èyí tó kù nínú owó ilé-ìwé kún un. Èyí tí o bá ti san, rí i pé yunifásítì kọ ọ́ sínú CAS rẹ, ìyẹn ẹ̀rí ìgbàwọlé tí yunifásítì ń fún ọ láti fi tọrọ físà. Owó ìlera tún wà lọ́tọ̀, £776 fún ọdún kan, físà másítà ọlọ́dún kan sì máa ń lé ní ọdún, torí náà ó máa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n lè bi ọ́ ibi tí owó ti wá. Òtítọ́ ni kí o sọ, kí àbúrò bàbá rẹ sì kọ lẹ́tà, kó fi ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ tì í. Ẹni tó bá ní òun á bá ọ ṣe ìwé báǹkì, sá fún un. Ẹni tí wọ́n bá ká ayédèrú mọ́ lọ́wọ́, ọdún 10 ni wọ́n lè fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Tó bá jẹ́ àkáǹtì bàbá rẹ lo yàn, o nílò ìwé ìbí rẹ àti lẹ́tà tó buwọ́ lù pé kí o ná owó náà. Ẹ wo orúkọ dáadáa. Bí báǹkì bá mọ̀ ọ́n sí Joseph, tí ìwé ìbí rẹ sì pè é ní Òjó, ẹ tètè lọ tún un ṣe.

Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ń béèrè fún físà náà tún wà, kò sì sí l'Adó. Èkó tàbí Àbújá lo máa lọ, lọ́dọ̀ IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn arìnrìn-àjò. Oṣù mẹ́fà ni ìwé rẹ̀ ń lò.

Tó bá jẹ́ èmi ni, kí oṣù karùn-ún tó parí ni màá ti fẹ́ kí owó náà wọlé, sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí kò ní káàdì ATM.