Ìbéèrè Òǹkàwé: Mustang Tàbí Camaro, Ẹ́ńjìnnì Wo Ló Rọrùn Láti Fi Agbára Kún?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tí ó jẹ́ mẹkáníìkì ní Tankẹ, Ìlọrin, ń jiyàn lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Mustang GT àti Camaro SS ọdún 2018. Èwo ni a lè tètè fi agbára kún?

Ìdáhùn: Agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí 460 agbára ẹṣin ni ti Mustang, 455 sì ni ti Camaro, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Coyote, ẹ́ńjìnnì Mustang tí Ford ṣe, tí ó jẹ́ lítà 5.0, ní kámúṣáàfù (ọ̀pá tí ń yí láti ṣí fáfù) mẹ́rin lókè àti fáfù (ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde) 32, èyí tí ó jẹ́ kí ó máa mí dáadáa nígbà tí eré bá pọ̀. LT1, ẹ́ńjìnnì Camaro tí Chevrolet ṣe, jẹ́ lítà 6.2, kámúṣáàfù kan ṣoṣo tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì ni ó ń lo ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ láti ṣí fáfù 16, ó sì máa ń fà gidigidi láti ìbẹ̀rẹ̀ eré.

Bí ó bá jẹ́ pípààrọ̀ kámúṣáàfù ni, LT1 ni mo fara mọ́, nítorí ẹyọ kan ni ẹ óò rà. Supercharger, ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú ẹ́ńjìnnì, bá Coyote mu dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ro ti epo. Ìlọ́po 12 ni Coyote ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀, LT1 sì ń fún un ní ìlọ́po 11.5; nítorí ìfúnpọ̀ gíga yìí, bí bẹntiróòlù kò bá dára tó nínú ooru Ìlọrin, ẹ́ńjìnnì lè máa kan gbì-gbì, kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì dín agbára náà kù fúnra rẹ̀.