Ilé Ìjó Lẹ́yìn Ọgbà, Ìrun Òru, àti Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò

Ìbéèrè: Àsàlámù aleekun, Aáfà wa. Ìkẹjà ni mo ń gbé, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Allen. Ilé bàbá mi ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n sọ ilé tó wà lẹ́yìn ọgbà wa di ilé ìjó. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ títí di ìdájí ọjọ́ Àìkú, orin kì í dákẹ́ kó tó di aago 4. Fèrèsé wa máa ń gbọ̀n. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í rí oorun sùn. Bí mo bá dìde kí nọ́fílà òru, ìyẹn ìrun àfínnúfíndọ̀ṣe, orin wọn ni mo ń gbọ́ títí kan orí ìforíkanlẹ̀. Nígbà mìíràn, ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́ ni oorun tó gbé mi lọ, oòrùn á sì ti yọ kí n tó kí Àsùbáà. Ohun tó dùn mí jù ni pé Mùsùlùmí ló ni ibẹ̀. Mọ́sálásí wa ló ti ń kírun Jímọ̀, òun ló gbẹ́ kànga tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ lọ fọ́ àwọn sípíkà rẹ̀. Èmi náà ti ń ṣe dùáà pé kí iná jó ibẹ̀. Mo fẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìjọba, àwọn kan ní n kò gbọdọ̀ tú àṣírí Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ mi. Ṣé ìrun mi ń dára? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Waaleekun sàláàmù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀.

Arákùnrin mi, ìrun yín dára. Ohun tó bá wọ etí ènìyàn láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́tí sí i kì í ba ìrun jẹ́, kì í sì í di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Nínú ìwé tí Abu Dawud kó hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànọ́bì, jọ sí, Nafi' sọ pé òun àti Abdullahi ọmọ Umar, tí í ṣe sàhábé, jọ wà lójú ọ̀nà nígbà tí Abdullahi gbọ́ ohùn fèrè. Ó ki ìka bọ etí, ó yà kúrò lójú ọ̀nà náà, ó sì ń bi Nafi' pé, “Ṣé o ṣì ń gbọ́ nǹkan?” Ìgbà tí Nafi' ní òun kò gbọ́ mọ́ ló yọ ìka kúrò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun rí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun tó ṣe. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò ní kí Nafi' náà di etí tirẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ ṣe: ẹ fi òwú sí etí, ẹ kírun ní yàrá tó jìnnà sí ọgbà yẹn, kẹ́ ẹ má sì fi nọ́fílà yín sílẹ̀ nítorí wọn.

Ní ti Àsùbáà, Ànọ́bì wa àti àwọn sàhábé rẹ̀ náà sùn kọjá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Khaybar. Bilal ni wọ́n ní kó máa ṣọ́nà, oorun gbé òun náà lọ, ìtànṣán oòrùn ló jí wọn. Wọ́n dìde, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n sì kí i. Ẹni tí oorun gbé lọ kò jẹ̀bi, bó bá ti jí ni kó kí i. Àmọ́ ẹ ṣètò ẹni tí yóò máa jí yín, kẹ́ ẹ sì máa sùn díẹ̀ lọ́sàn-án àwọn ọjọ́ tẹ́ ẹ ti mọ̀ pé òru kò ní dùn.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́ nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti gbọ́ ilé ìjó, ọtí àti ìwà àìtọ́ tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìkan là ń rí. Háráámù ni ọtí, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ká sọ pé kò sí ọtí níbẹ̀ rárá, ká sọ pé wákà tàbí wéré ni wọ́n ń kọ, àní ká sọ pé Kùránì ni wọ́n ń ké: bó bá ti ń mi fèrèsé ìyá yín ní aago 2 òru, ẹ̀ṣẹ̀ ìnira aládùúgbò ṣì wà níbẹ̀ ní odindi. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, ó sì burú ju bí a ṣe ń fojú wò ó lọ.

Ọlọ́hun sọ nínú Súrátù An-Nabai pé Òun fi oorun yín ṣe ìsinmi, Òun sì fi òru ṣe ìbora. Ẹni tó bá ń gba oorun lójú aláìsàn, ohun tí Ọlọ́hun fún onítọ̀hún ló ń gbà. Ànọ́bì búra lẹ́ẹ̀mẹta pé, “Mo fi Ọlọ́hun búra, kò gbàgbọ́,” wọ́n bi í pé ta ni, ó ní ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ aburú rẹ̀ ni. Bukhari, tí òun náà kó hádíìsì jọ, ló gbà á wá. Wọ́n sì sọ fún un nípa obìnrin kan tó ń kírun lóru, tó ń gba ààwẹ̀ lọ́sàn-án, tó ń ṣe sàdáákà, ṣùgbọ́n tó ń fi ahọ́n ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ lára. Ó ní kò sí oore kan lára rẹ̀, èrò iná ni. Ahọ́n lásán nìyẹn o, kí la fẹ́ sọ nípa sípíkà tó ga ju ènìyàn lọ? Nínú ìwé hádíìsì tí ẹni tó ń jẹ́ Muslim kó jọ, sàhábé Miqdad sọ pé bí Ànọ́bì bá wọlé lóru, yóò sálámà ní ohùn tí ẹni tó lajú sílẹ̀ yóò gbọ́, tí kò sì ní jí ẹni tó sùn. Sálámà ni, tí í ṣe àdúrà, ó sì tún ń wọn ohùn rẹ̀ nítorí ẹni tó ń sùn.

Nítorí náà, kí á tó lọ kan ilẹ̀kùn ilé ìjó, ẹ jẹ́ ká wo mọ́sálásí tiwa. Lọ́dún 2016, ìjọba Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70, mọ́sálásí 20 àti nǹkan bí òtẹ́ẹ̀lì, ilé ọtí àti ilé ìjó 11 pa nítorí ariwo. Ẹ wo iye tiwa nínú rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, a máa ń ṣe àsàlátù mọ́jú nígbà kan, gbohùngbohùn wa sì kọjú síta. Bàbá onígbàgbọ́ kan tí ilé rẹ̀ fara kan wa wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò bínú. Ó ní ìyàwó òun ń gba ìtọ́jú, kò sì sùn láti àná. Ojú tì mí gan-an, nítorí èmi ni mo ń ka hádíìsì aládùúgbò fún ìjọ. Láti ọjọ́ yẹn la ti kọjú gbohùngbohùn sínú. Ìpè ìrun yàtọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, sùnnà sì ni. Àmọ́ wáásí wákàtí méjì tí à ń fi gbohùngbohùn ìta ṣe ní ìdájí kì í ṣe ìpè ìrun. Nígbà tí Ànọ́bì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú mọ́sálásí fún ìjọsìn, ó gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń ké Kùránì sókè, ó ká aṣọ ìkélé, ó ní Olúwa rẹ̀ ni olúkúlùkù yín ń bá sọ̀rọ̀, kí ẹ má ṣe ni ara yín lára, kí ẹnì kan má sì gbé ohùn borí ẹlòmíràn.

Wàyí o, ó ku Alájì tó ni ilé ìjó, olóore wa tó gbẹ́ kànga. Kí Ọlọ́hun san án lẹ́san kànga náà, ṣùgbọ́n omi àlùwàlá kò ra oorun ìyá yín. Lèmọ́mù tó bá dákẹ́ nítorí ẹ̀bùn ti kùnà sí ẹni tó fún un lẹ́bùn, nítorí Ànọ́bì ní kí á ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, yálà alábòsí ni tàbí ẹni tí wọ́n bòsí sí, ó sì ṣàlàyé pé kí á dá alábòsí lọ́wọ́ kọ́ ni ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀. Àwọn àgbà wa náà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Àṣírí tí wọ́n ń wí kò sí níbí. Ohun tí ènìyàn bò mọ́ra ni àṣírí, kì í ṣe èyí tó ń fi sípíkà kéde. Nínú Súrátù An-Nisai, Ọlọ́hun ní Òun kò fẹ́ kí á máa pariwo ọ̀rọ̀ burúkú, àfi ẹni tí wọ́n bá bòsí sí. Ọkùnrin kan sì wá fi ẹjọ́ aládùúgbò rẹ̀ sun Ànọ́bì. Ó ní kó lọ ṣe sùúrù. Nígbà tó padà wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ síta sójú ọ̀nà. Àwọn tó ń kọjá ń bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ń sọ fún wọn, wọ́n sì ń ṣépè fún aládùúgbò náà, títí tí ìyẹn fi wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé padà, kò ní rí ohun tí kò fẹ́ mọ́ lọ́dọ̀ òun. Ẹ wo bó ṣe tò ó: sùúrù ló kọ́kọ́ wá, kó tó di ojú ọ̀nà.

Kí àwọn ọ̀dọ́ yẹn jókòó sílé. Ọwọ́ ìjọba ni a fi ń ti irú ibẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ àdúgbò, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ta sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi dùáà iná sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀, ọmọ tó ń gbé abọ́, ọmọ ènìyàn ni wọ́n, bí iná bá sì ràn, ilé bàbá yín ni yóò kọ́kọ́ kàn. Ẹ bẹ Ọlọ́hun kó yí ọkàn Alájì padà.

Ẹ má bá a sọ ọ́ lóru, ẹ má sì bá a sọ ọ́ níwájú ìjọ. Ẹ mú Lèmọ́mù àti àgbà kan láti ẹgbẹ́ onílé dání, ẹ lọ bá a nílé lọ́sàn-án. Ẹ sọ ohun tó ṣeé ṣe: kó kọjú sípíkà kúrò lára ọgbà yín, kó bo òrùlé tó ṣí sílẹ̀, kó dín ohùn orin kù láti aago 10 alẹ́. Ìwọ̀n ariwo tí LASEPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń dáàbò bo àyíká, fi lélẹ̀ fún àdúgbò tí ènìyàn ń gbé ni dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 55 lọ́sàn-án, 45 lóru, ẹ sọ fún un kó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago ariwo kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bó bá kọ̀ lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ẹ kọ̀wé sí àjọ náà ní orúkọ gbogbo àdúgbò, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, ọkàn yín kò sì gbọdọ̀ dá yín lẹ́bi.

Àmọ́ kó tó dé ibẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá sí yàrá ìyá yín ní aago 1 òru ọjọ́ Jímọ̀ kan, kó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Kí Ọlọ́hun fún ìyá wa ní àlàáfíà àti oorun tó dùn. Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.