Kí ló dé tí ìwọ́de oníjàgídíjàgan fi lè ba ohun tí a ń jà fún jẹ́?

Àwọn tí ìwọ́de ń wá ojú rere wọn jù ni àwọn tí kò tíì pinnu ibi tí wọn yóò dúró sí. Tí ẹ bá dí ọ̀nà mọ́ aláìsàn tàbí tí ẹ fọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni, àwọn yẹn gan-an lẹ lé sá. Gíláàsì tó fọ́ ni ìròyìn yóò máa gbé, kò ní sọ ohun tí ẹ ń béèrè mọ́. Ìjọba á sì rí àwáwí láti kó ọlọ́pàá tì yín.

Àwọn onímọ̀ ìṣèlú méjì, Erica Chenoweth àti Maria Stephan, yẹ ìjàǹgbara 323 wò láti 1900 sí 2006, èyí tí wọ́n fi fẹ́ lé ìjọba kúrò tàbí gba òmìnira. Nínú àwọn tí kò lo ipá, nǹkan bí ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún ló yọrí sí rere. Nínú àwọn tó lo ipá, ìdá 26 péré. Ìdí pàtàkì ni pé níbi tí kò bá sí ipá, àgbàlagbà àti ìyálọ́mọ lè jáde láìbẹ̀rù, èrò á sì pọ̀.

Ẹ má rò pé ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù o! Ìyanṣẹ́lódì àti kíkọ̀ láti ra ọjà máa ń dun ẹni tó jẹ̀bi gan-an. Ẹ ṣáà yan àwọn tí yóò máa darí èrò, kí ẹ sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún áńbúláǹsì.