Kí ló dé tí olùkọ́ fi bírò pupa fa èròǹgbà inú lẹ́sìn nóòtù mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọdún kejì NCE (ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́) ni mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ̀ka ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tí a bá ti wọ ọdún kẹta, TP, ìyẹn lílọ kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ fún ìdánrawò, ló kàn. Nígbà tí a ń ṣe micro-teaching, ìyẹn ìdánrawò kíkọ́ni fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo kọ lẹ́sìn nóòtù (ètò ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń kọ kó tó wọ kíláàsì) lórí àmì ohùn fún Primary 4. Ohun tí mo kọ sí èròǹgbà ni pé: "Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ ohun tí àmì ohùn jẹ́, wọn yóò sì lóye ìwúlò rẹ̀." Olùkọ́ wa fi bírò pupa fa méjèèjì, ó ní kò sí èròǹgbà kankan níbẹ̀. Mo béèrè ìdí, ó ní kí n lọ ka nóòtù mi. Mo ti kà á, kò yé mi. Àwọn síníọ̀ wa ní kí n má da ara mi láàmú, pé àwọn máa ta nóòtù TP tiwọn fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Olùkọ́ rẹ tọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kó ṣàlàyé fún ọ.

Wò ó báyìí. O ti kọ́ wọn tán, aago ti fẹ́ lù, sùpáfáísọ̀ tó wá máàkì rẹ sì jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ó wá ní kí o fi han òun pé àwọn ọmọ náà ti mọ ohun tí àmì ohùn jẹ́. Kí lo fẹ́ ṣe? O ò lè la orí ọmọ wò. Kò sí ohun tó kù ju pé kí o ní kí wọ́n ṣe nǹkan tí ojú rí tàbí tí etí gbọ́: kí wọ́n pe ọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n fi àmì sí i. Nǹkan tí o máa ní kí wọ́n ṣe yẹn gan-an ni èròǹgbà rẹ, òun ló sì yẹ kó wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Robert Mager, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1962 pé ohun mẹ́ta ló yẹ kó hàn nínú èròǹgbà: ohun tí ọmọ máa ṣe, ipò tí ó ti máa ṣe é, àti ibi tó gbọ́dọ̀ ṣe é dé kí a tó gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Ó dájú pé ó wà nínú nóòtù tí wọ́n ní kí o lọ kà, àmọ́ èèyàn lè ti há a sórí kó tún kọ "yóò mọ̀" lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mo ń bójú tó ni pé kí wọ́n kọ ìgbéléwọ̀n kí wọ́n tó kọ èròǹgbà. Mo mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni ìgbéléwọ̀n máa ń wà nínú fọ́ọ̀mù, èròǹgbà sì wà lókè. Fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ná. Mú ìwé lásán, kí o kọ ìbéèrè tí o máa bi wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn.

Jẹ́ ká fi ẹ̀kọ́ tìrẹ ṣe é. Gbogbo ènìyàn ló máa ń lo igba, igbá, ìgbà àti igbà. Ká ní o kọ "igba" sójú pátákó láìní àmì, o wá ní kí ọmọ fi àmì sí i. Èwo ni yóò gbà? Ọmọ tó fi àmì òkè sí ìparí rẹ̀ tọ̀nà, èyí tí kò fi nǹkan kan sí i náà tọ̀nà, o ò sì ní lè máàkì ẹnikẹ́ni pé kò gbà á. Ibi tí o ti ń kọ ìgbéléwọ̀n ni wàá ti rí i pé inú gbólóhùn ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà wà:

Iya fi igba bu omi.
Baba fi igba gun ọpẹ.
Igba ojo ti de.
Igba naira ni mo san.

Ní báyìí, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wá padà sókè, kí o kọ èròǹgbà rẹ: "Bí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò lè fi àmì ohùn tó yẹ sórí ọ̀rọ̀ onísílébù méjì nínú gbólóhùn mẹ́rin tí a kọ sójú pátákó, kó sì gba mẹ́ta, ó kéré tán." Ohun tí ọmọ máa ṣe wà níbẹ̀, ipò náà wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n sì wà níbẹ̀. Kò sí bírò pupa tó máa fa ìyẹn.

Àwọn ìgbésẹ̀ náà á wá rọrùn, torí o ti mọ ibi tí ò ń lọ. Kí ọmọ tó lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ kìíní kì í ṣe ìtumọ̀ àmì ohùn. Ní kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n fi imú kùn ún tẹ̀lé ọ: re-mí fún igbá, dò-dò fún ìgbà, re-dò fún igbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kádíbọ́ọ̀dù tí o kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sí máa jáde. Ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń gbé kádíbọ́ọ̀dù rẹpẹtẹ kọ́ ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò sì ní wo ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ títí aago á fi lù. Amúṣẹ́yá (ohun èlò ìkọ́ni) tí o kò ní lò, má gbé e wá. Ní ti ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá, má kọ pé "àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́ nípa àmì ohùn rí" bí kò bá dá ọ lójú. Kọ ohun tí wọ́n lè ṣe tẹ́lẹ̀, fún àpẹẹrẹ pé wọ́n lè pín ọ̀rọ̀ sí sílébù.

Mo fẹ́ kìlọ̀ nǹkan kan fún ọ kí o má baà sá fún òjò bọ́ sínú odò. Tí wọ́n bá ti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó má kọ "mọ̀" mọ́, "dárúkọ" àti "to orúkọ" ló máa gbá mú. Gbogbo ẹ̀kọ́ á wá di dárúkọ mẹ́ta, dárúkọ márùn-ún. Sùpáfáísọ̀ lè máàkì rẹ̀ dáadáa, torí ojú rí i, etí gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àkọ́sórí lásán ni. Nígbà tí Benjamin Bloom, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to ìpele ìmọ̀ sílẹ̀ ní 1956, ìrántí ni wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá; lílo ìmọ̀ àti ìtúpalẹ̀ wà lókè rẹ̀. Bí èròǹgbà rẹ bá jẹ́ mẹ́ta, jẹ́ kí ọ̀kan, ó kéré tán, kọjá ìrántí. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá gbólóhùn tó lo igbá àti ìgbà pọ̀, fún àpẹẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ nóòtù síníọ̀ wá kù. Tí o bá rí i gbà, kà á. Wo bí wọ́n ṣe tò ó, wo ibi tí sùpáfáísọ̀ kọ nǹkan sí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ gidi wà. Má san owó fún un, má sì dà á kọ. Kíláàsì mìíràn ni wọ́n kọ ọ́ fún. Mo ti wọ kíláàsì tí nóòtù ti sọ pé ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, tí ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta sì há sórí tábìlì kan títí dé ẹnu ọ̀nà, tí nóòtù náà ní kí wọ́n pín sí ẹgbẹ́ márùn-ún, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yí káàkiri. Níbo ni wọ́n fẹ́ yí sí? Ìbéèrè kan péré nípa ìdí tó fi yan ìgbésẹ̀ kejì ti tó láti tú àṣírí ẹni tó dà á kọ. Yúnìtì mẹ́fà ni TP, ẹni tí kò bá sì yege nínú rẹ̀ kò lè gba NCE, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ nínú àwọn kọ́ọ̀sì yòókù dára tó.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí o bá dé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n pín ọ sí, lọ kí HM (ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà), kí o sì gba skíìmù (ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀) àti táímù-tébù lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì náà. Ka iye ọmọ àti iye tábìlì. Bi olùkọ́ náà ní ibi tó bá ẹ̀kọ́ dé, má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí skíìmù sọ pé ọ̀sẹ̀ kẹrin ni, torí wọ́n lè wà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìgbà yẹn ni kí o tó jókòó kọ nóòtù, kí o sì fún un ní ọjọ́ kan, ó kéré tán, láti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fọwọ́ sí i. Àárọ̀ ọjọ́ tí o fẹ́ kọ́ wọn kọ́ ló yẹ kí o máa sáré wá ẹni tó máa bá ọ buwọ́ lù ú.