Ṣé Àwọn Ará Kútọnu Ló Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Bíríkìlà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ ọdún 23 ni mí. Mo gba fìrídọ́ọ̀mù iṣẹ́ bíríkìlà ní Abẹ́òkúta lọ́dún tó kọjá, àmọ́ mo lè jókòó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n má ríṣẹ́. Àwọn ará Kútọnu àti Tógò ti gba gbogbo sáìtì. Ẹnì kan ní kí n mú ₦60,000 wá fún fọ́ọ̀mù iléeṣẹ́ ìkọ́lé kan l'Ékòó. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Má san án. Ẹni tó bá nílò bíríkìlà kì í ta fọ́ọ̀mù. Ṣe ló máa gbé plọ́ọ̀mù àti okùn fún ọ, á ní kí o to ìlà búlọ́ọ̀kù méjì (kọ́ọ̀sì) kó fi wò ọ́. Bí o bá ti san nínú ẹ̀, kó ẹ̀rí ìsanwó lọ bá ọlọ́pàá lónìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Kútọnu. Ojoojúmọ́ ni ẹ ń bi wá, kò sì rí bí ẹ ṣe rò ó. Lóṣù kejì ọdún 2024, àpò símẹ́ńtì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹni tó ń fi owó oṣù kọ́lé kò lè bá a yí. Rìn yí àdúgbò rẹ po, kí o ka ilé tó dúró sí lẹ́ńtẹ̀lì, tí koríko ti hù ní pálọ̀. Ta ló gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ? Kò sẹ́ni tó ń ṣe é. Tí òjò bá tún dé, tí omi kún kòtò ìpìlẹ̀, èyí tó kù náà á dúró.

Àti pé àwọn kan nínú àwọn tí ẹ ń pè ní ará Kútọnu, Ègùn Àgbádárìgì ni wọ́n, ọmọ Nàìjíríà bíi tìrẹ. Àwọn míì wá láti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, Yorùbá pọ́ńbélé. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ló sì jẹ́ kí àwọn yòókù máa wọlé láìgba físà.

Ibi tí àwọn tó wá láti Benin àti Tógò ti ń borí yín ni iṣẹ́ ìparí ilé, pàápàá táìsì. Fi owó ẹyọ gbá táìsì tí ọmọ wa lẹ̀ kó o gbọ́: bí ó bá ń dún bí igbá òfìfo, ṣe ló da símẹ́ńtì ṣóńṣó márùn-ún sábẹ́ rẹ̀, igun mẹ́rin àti àárín, kò tẹ́ ẹ kárí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé fíríìjì lé e, ó fọ́. Onílé kò ní pè ọ́ mọ́ láé. Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Kútọnu wà, ìdánwò ìjọba wà fún ọmọṣẹ́ tó bá parí, ìwé ẹ̀rí CQM ni wọ́n ń gbà; ní Tógò, ìwé ẹ̀rí tiwọn ń jẹ́ CFA. Ìwọ ńkọ́? Àwòrán ọjọ́ fìrídọ́ọ̀mù nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ.

Nítorí náà, lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kí o béèrè tíréèdì tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Gíréèdì 3 ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Owó tí wọ́n bá ní kí o san, gba rìsíìtì rẹ̀.

Kọ́ ìṣirò pẹ̀lú. Ògiri tó gùn ní mítà 4, tó ga ní mítà 3, jẹ́ 12 (4 × 3). Yọ ilẹ̀kùn (0.9 × 2.1, bíi 1.9), ó ku 10.1. Búlọ́ọ̀kù 10 ló ń wọ mítà kan níbùú àti lóròó, ó di 101. Fi 5 kún un fún èyí tó bá fọ́. Ẹni tó lè ka èyí sétí onílé kó tó gbé tírówẹ̀lì, káńtíráàtì ló ń gbà, kì í ṣe owó ojúmọ́. Fún símẹ́ńtì ìmọgiri, ìwọ̀n símẹ́ńtì 1 sí yanrìn 6. Àwọn lébírà á fẹ́ sọ ọ́ di 10, má gbà fún wọn. Àmọ́ má gbé ìwọ̀n yìí lọ síbi òpó tàbí dẹ́kìn o. Ẹnjinía ló ni ìyẹn.