Ṣé èèyàn bílíọ̀nù 10 ló ń wọ ọkọ̀ èrò ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mò ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì lórí ọkọ̀ èrò. Mo rí i kà pé lọ́dún 2019, ọkọ̀ èrò ní Amẹ́ríkà gbé bíi bílíọ̀nù 10, bẹ́ẹ̀ gbogbo èèyàn ibẹ̀ ò ju bíi mílíọ̀nù 330 lọ. Èèyàn mélòó gan-an ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Má kọ èèyàn bílíọ̀nù 10 o, wọ́n á dá a padà fún ẹ. Iye ìgbà tí wọ́n wọkọ̀ nìyẹn, kì í ṣe iye orí. Ẹ̀rọ tó ń ka èrò lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ò mọ ojú ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá ṣáà ti wọlé, ọ̀kan ni. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì láti ilé, tó sọ̀ kalẹ̀ ní stéṣọ̀n, tó tún wọ réluwéè dé ibi iṣẹ́, méjì ti nìyẹn kó tó kí ọ̀gá ẹ̀ káàárọ̀, tó bá fi máa padà sílé nírọ̀lẹ́ ó ti di mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ jẹ́ ogún, tó bá ṣe é fún ọ̀sẹ̀ 50, ẹgbẹ̀rún kan nìyẹn, ẹyọ orí kan ṣoṣo! Pín bílíọ̀nù 10 sí 1,000, mílíọ̀nù 10 lo máa bá níbẹ̀. Àmọ́ gbogbo wọn kọ́ ló ń wọ̀ ọ́ tó báyẹn, ẹni tó ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù wà nínú ẹ̀, àwọn àlejò náà wà nínú ẹ̀, torí náà orí tó wọ̀ ọ́ pọ̀ jùyẹn lọ dáadáa.

Tó bá jẹ́ orí lò ń wá, ibi tí wọ́n ti bi èèyàn léèrè ni kó o lọ. Census Bureau, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ka iye èèyàn, máa ń bi àwọn òṣìṣẹ́ pé kí ni wọ́n sábà máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Lọ́dún 2019, bíi 5% ló sọ pé ọkọ̀ èrò ni. Ní New York City, ó ju ìdajì lọ. Ìbéèrè yẹn náà ní wàhálà tiẹ̀ ṣá: ibi iṣẹ́ nìkan ló bi wọ́n, kò kan ọmọ iléèwé, kò kan màmá àgbà tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ ọsibítù, ẹni tó sì ń wa mọ́tò lọ́jọ́ mẹ́rin, tó wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, onímọ́tò ni wọ́n máa kọ ọ́ sí.

Kọ méjèèjì: ìgbà tí wọ́n wọkọ̀ lọ́tọ̀, ìdá àwọn òṣìṣẹ́ lọ́tọ̀. Má gbàgbé ọdún ẹ̀ o, torí ti 2020 já wálẹ̀ burúkú nítorí kòrónà.