Láti Lesnes Abbey dé etí odò Thames: igbó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní màmá wá kí yín láti Ìbàdàn, ẹ sì fẹ́ mú wọn pẹ̀lú ọmọ inú kẹ̀kẹ́ láti Abbey Wood, ní gúúsù ìlà oòrùn London, lọ wo àwókù Lesnes Abbey, ilé àwọn àlùfáà àtijọ́, kẹ́ ẹ wá gba inú igbó já sí etí odò Thames lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ lé ìwé pélébé àwọn káńsù tó ń pè é ní ìrìn fẹ́ẹ́rẹ́. Ó jọ pé ẹni tó kọ ọ́ kò rìn ín lẹ́yìn òjò rí.

Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ẹ̀yìn àwókù yẹn ni igbó wà, níhà gúúsù, lórí òkè. Odò wà ní àríwá, lódìkejì ojú irin. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gba inú igbó já sí odò yóò tún padà síbi àwókù ni, àfi tó bá yà síhà ìlà oòrùn, tó la Franks Park kọjá lọ sí Erith, ìlú kan létí odò náà, ìyẹn kì í sì í ṣe ìrìn àgbàlagbà. Nítorí náà, ẹ wọ igbó lákọ̀ọ́kọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì lágbára, ẹ yí i po díẹ̀, ẹ padà wá jókòó níbi àwókù, kẹ́ ẹ tó gba afárá ẹlẹ́sẹ̀ sọdá sí Thamesmead, àdúgbò tó wà láàárín ojú irin àti odò.

Inú igbó gan-an ni wàhálà wà. Òkúta róbótó róbótó ló kún inú ilẹ̀ òkè yẹn, wọ́n dán bí ọmọ ayò. Tẹ́ ẹ bá ń gòkè, kò burú. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa yí lábẹ́ bàtà, àgàgà nígbà tí ewé gbígbẹ bá bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àárín àfonífojì, níbi tí omi ń dúró sí, ẹrẹ̀ ni, ó sì ń fa bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀. Sálúbàtà kọ́, bàtà kéńfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ kọ́. Bàtà tó ní eyín lábẹ́ ni, pẹ̀lú ọ̀pá kan fún màmá. Kí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ kéékèèké, kí wọ́n fì síwájú díẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá fì sẹ́yìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Àwọn ibi kan ní àtẹ̀gùn onígi, igi yẹn sì máa ń yọ̀ ju ilẹ̀ lọ bí òjò bá ti rọ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ààyè bá wà.

Kẹ́ ẹ sọ fún màmá ṣáájú o: wọn ò gbọ́dọ̀ já ewé kankan níbẹ̀. Mo mọ àwọn ìyá wa, tí wọ́n bá ti rí ewé tútù, ẹ̀fọ́ ni. Ewé kan tí wọ́n ń pè ní lords-and-ladies máa ń hù láàárín ewé aláàyù ìgbẹ́, májèlé sì ni. Olú náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ní oṣù kẹta, daffodil ìgbẹ́ máa ń tanná níbẹ̀. Bluebell ń tẹ̀ lé e láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún. Bí ènìyàn bá tẹ ewé rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí fọ́tò, ó lè má tanná fún ọdún mélòó kan.

Àwókù fúnra rẹ̀ kò le. Richard de Luci, adájọ́ àgbà Ọba Henry Kejì, ló dá a sílẹ̀ ní 1178 fún àwọn àlùfáà ìlànà Augustine. Kádínà Wolsey, òjíṣẹ́ àgbà Ọba Henry Kẹjọ, sì tì í pa ní 1525. Ògiri kúkúrú ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù, koríko sì wà láàárín wọn. Ẹ jẹun níbẹ̀. Ẹ lo tọ́lẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀nà iwájú gùn.

Láti ibẹ̀, ẹ sọdá ojú irin, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ adágún Southmere, ẹ kọrí sí àríwá dé odò. Bíi kìlómítà 3 ni. Tẹ́ ẹ bá ti rí odò, ó tó o. Ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ kúkú rìn dé Erith. Ẹ má dá a lóhùn. Láti Crossness lọ, ilé iṣẹ́ omi ẹ̀gbin ni, lẹ́yìn rẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń sun pàǹtírí, atẹ́gùn ń fẹ́ gan-an, ibòji ò sí, ọ̀nà àbájáde kò pọ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ń yọ lójijì lẹ́yìn ènìyàn. Tó bá rẹ màmá ní agbedeméjì, ẹ ò ní rí ọkọ̀ níbẹ̀. Ilé ẹ̀rọ Crossness ti 1865, tí wọ́n fi ń fa omi ẹ̀gbin láyé àtijọ́, dára, àwọn ẹ̀rọ ńlá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i, ẹ wo ọjọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ sọ̀ sí ẹrẹ̀ etí odò nígbà tí omi bá fà. Ó rọ̀ ju bó ṣe rí lójú lọ, omi sì ń yára padà.

Ẹ tún béèrè ibi tẹ́ ẹ máa gbà jáde ní ibùdókọ̀ ojú irin Abbey Wood: òkè, lórí afárá ọlọ́kọ̀, ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà. Ẹ gba lífìtì sọ̀ kalẹ̀ síhà Wilton Road, ẹ yà sí apá òsì ní Abbey Road, apá ọ̀tún lẹ máa rí àwókù. Ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó lè yí dáadáa láti àwókù dé odò. Nínú igbó, ẹ pọn ọmọ.